Ọgọ́ta Iná fún Nimat

Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí Ògúntúndé ti ń wáyà ilé ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, kò sì tíì rí iná tó fojú di í. Bí iná ilé yín bá ń ṣẹ́jú, tẹ́ ẹ bá pè é, yóò kọ́kọ́ káwọ́ sẹ́yìn, yóò wo ògiri yín títí, yóò mi orí, yóò wá bi yín pé ta lẹ gbéṣẹ́ yìí fún tẹ́lẹ̀. Ó mọṣẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, orí ìkúnlẹ̀ ni bàbá náà wà ní pálọ̀ ara rẹ̀, ó dojú kọ okùn iná kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Okùn náà ò gùn ju mítà kan lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn èèyàn. Ọgọ́ta iná ló tò sára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó yẹ kí gbogbo wọn yọ àwọ̀ aró lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ̀kẹrin yọ àwọ̀ ewé, àwọn tó tẹ̀ lé e ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ata kó sí lójú, àwọn tó wà níparí sì ń ti àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn bó ṣe wù wọ́n. Ògúntúndé nawọ́ sí wáyà. Bí ìka rẹ̀ ṣe kàn án báyìí, gbogbo wọn fara balẹ̀, wọ́n yọ àwọ̀ aró. Ó yọwọ́. Wèrè wọn tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?" ló bi wọ́n.

Lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, Nimat ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ká ìró, ó ká búláòsì, ó ń kó wọn sínú báàgì ńlá kan tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Láti oṣù méje sẹ́yìn ni kò ti gbọ́ ohunkóhun mọ́. Tó bá di Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ràhmát ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá mú un lọ, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ lọ kí ará ilé kó padà wá. Ó ń kó lọ ni.

Kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì o, kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé e gba ibòmíràn. Ibà kan ló ṣe Nimat. Ibà náà lọ, ó sì kó etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ní í padà. Yìnyín àti omi tútù ni Nimat ń tà láti inú fírísà tó wà nínú ilé. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á ké pé, "Ẹ ta yìnyín o!" Wọ́n á ké lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ké lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á pòṣé, wọ́n á kọjá sí ilé kejì. Nimat á wà nínú ilé, á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé táwọn èèyàn ò mu omi tútù mọ́ ní Kétu.

Èyíinì ṣì ṣe é fara dà. Ti táńkì ló bà á nínú jẹ́. Òun ló máa ń tan pọ́ńpù omi fún gbogbo ayálégbé láàárọ̀, etí ló sì fi ń mọ̀ pé táńkì ti kún: bó bá ti gbọ́ tí omi ń dà sílẹ̀, á sáré pa á. Lọ́jọ́ kan ó tan án, ó jókòó, ó ń dúró de ohun tí kò lè gbọ́. Omi kún, ó dà, ó ya wọ yàrá Ìyá Abdulmujeeb, ó rin àpò gàrí rẹ̀ gbingbin. Ìyá Abdulmujeeb jáde, ó ń pariwo mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí Nimat yíjú padà, ẹnu ló kọ́kọ́ rí, ẹnu tó ń là tó ń pa, àti gbogbo ará ilé tó dúró tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń wò ó. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi náà.

"Bàbá Ṣọlá," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "mi ò wúlò nínú ilé yìí mọ́. Ẹ jẹ́ n máa lọ sí Ìsẹ́yìn. Èèyàn pọ̀ lágboolé wa, wọ́n á máa fojú sí mi lára."

Ògúntúndé tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù: Má lọ. Nimat kà á, ó dá fóònù padà fún un. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ṣọlá, ti lọ́kọ sí Kàdúná. Bí Nimat bá tún lọ, ilé á wá ku òun nìkan àti fírísà. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìyẹn sórí fóònù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè é pé kó wá tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ní Ìkòsì, nínú ẹ́sítéètì onígéètì kan. Ọ̀gá Desmond ló pè é, ọkùnrin oníbáńkì kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, irú àwọn tó máa ń fi ọjọ́ ìsinmi so wáyà tín-ín-rín mọ́ra wọn nítorí pé ó dùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Desmond, iná wẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ń lé ara wọn kiri. Ògúntúndé gbàgbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà mélòó ló lọ sídìí nǹkan yìí?"

"Mẹ́ta péré ni, Bàbá."

"Mẹ́ta? Gílóòbù mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ọgọ́ta. Kọ́lọ̀ tó bá sì wù yín lẹ lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ògúntúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bóyá wọ́n fi wáyà yòókù pamọ́ síbẹ̀. Ní ibi tó ti kọ́ṣẹ́, gílóòbù kan, súwíìṣì kan ni. Bí ẹ bá fẹ́ tan ọgọ́ta iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà tẹ́ ẹ máa fà á kún inú bọ́ọ̀sì. Desmond rí i pé ọ̀rọ̀ náà dojú rú fún un, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, tí wọ́n bá gbé àwo ẹran fún àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà, ṣebí ti iwájú á mú tiẹ̀, á gbé ìyókù fún ẹni tó tẹ̀ lé e? Bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe ń ṣe. Bọ́ọ̀dù kékeré yìí ló ń rán iṣẹ́ sí wọn. Iná àkọ́kọ́ á gba tiẹ̀, á ta ìyókù síwájú. Orí fóònù lẹ ti máa sọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún bọ́ọ̀dù."

Ògúntúndé ní ó ti yé òun. Irọ́ ló pa. Ohun kan ṣoṣo ló yé e, ìyẹn ni pé iná kan náà lè sọ nǹkan mẹ́ta, kó má sì pariwo. Ojú Nimat dá ṣáṣá. Bí wọ́n bá tẹ bẹ́ẹ̀lì lẹ́nu géètì, kí ògiri pọ́n. Bí táńkì bá kún, kó yọ àwọ̀ ewé. Bí àsìkò ìrun bá tó, kó yọ àwọ̀ aró, torí Nimat ń kírun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkọ rẹ̀ ń lọ. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Desmond. Desmond dìde, ó gbé okùn iná kan tó ṣẹ́ kù àti bọ́ọ̀dù kan fún un, ó sì to ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí fóònù Ògúntúndé. Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá oníná ṣe nígbà tó délé. Ó fi bẹ́ẹ̀lì sẹ́nu géètì, ó fi ike tó ń léfòó sínú táńkì, ó fa wáyà àwọn méjèèjì wá sídìí bọ́ọ̀dù. Ṣájà kan ló fún àwọn iná, ó sì fún bọ́ọ̀dù ní ṣájà tirẹ̀, bí Desmond ṣe ní kó ṣe. Wáyà méjì gbé agbára wọ okùn iná. Ọ̀kan ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù. Nítorí pé ṣájà di méjì, ó wá ku wáyà funfun kan tó yẹ kó lọ láti ara bọ́ọ̀dù sí ara okùn náà. Ní ìdajì àwọn ilé tí Ògúntúndé ti ṣiṣẹ́ ní Kétu, wáyà méjì ló ń gbé iná, ẹ̀kẹta tí wọ́n ní kó máa lọ sínú ilẹ̀ kì í sì í dé ibì kankan. Lánlọ́ọ̀dù kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí, oníṣẹ́ ò sì ní í bá a jà. Wọ́n á gé e, wọ́n á ṣẹ́ ẹ kọ́, wọ́n á fi téèpù wé e, iná á tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé kò bi orí léèrè mọ́. Wáyà tó kù yìí, ó ṣẹ́ ẹ kọ́, ó fi téèpù dúdú wé e dáadáa, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò kó lè mú.

Láti Sọ́ńdè tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ti dàrú.

Ó pààrọ̀ ṣájà. Ó tú okùn iná kúrò lára ògiri, bóyá ògiri ló tutù. Ó ka ọgọ́ta iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń ba ti yòókù jẹ́, ó sì rí ọ̀kan mú tó dá a lójú pé òun ni. Nígbà tó tún tan án, ẹni tó fẹ̀sùn kàn ló ń tàn dáadáa jù lọ. Ó pe Fàsásì, oníná ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó máa ń bú pé iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ́, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti le. Fàsásì wò ó, ó fọwọ́ lérán.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́rẹ́ǹtì ò tó o. Ẹ wá ṣájà tó lágbára."

Wọ́n ra èyí tó lágbára. Wèrè náà lágbára sí i. Fàsásì fọwọ́ kan wáyà, iná fara balẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, iná gbéra. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wá wí, "àfi kẹ́ ẹ kúkú máa dì í mú."

Nimat ń wò wọ́n láti orí àga. Kò gbọ́ ohun tí Fàsásì sọ, ṣùgbọ́n ó rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi ìka tẹ wáyà bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yíjú padà kíá. Láti oṣù méje, kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Kí ó tó rẹ́rìn-ín padà, Nimat ti rántí ara rẹ̀, ó ti tún mú aṣọ mìíràn, ó ń ká a. Inú Ògúntúndé bàjẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Tọ́sìdé, ó gbé ìgbéraga rẹ̀ jù sílẹ̀, ó pe Desmond. Desmond yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan.

"Bàbá, kí lẹ fi téèpù wé yìí?"

"Wáyà tó kù ni, bíi ti ilẹ̀. A kì í lò ó."

"Ẹ kì í lò ó?"

"Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Ọ̀gá. Iná ń tàn."

Desmond fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú bàbá náà, ó gbé e mì. Ó pe Fàsásì tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ní kó gun orí àpótí, ó ní kí Ògúntúndé dúró sílẹ̀.

"Ta ló ga jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni," ni Ògúntúndé wí. "Àpótí ni Fàsásì gùn."

"Ó dáa. Ṣé ẹni tí kò rí àpótí yẹn lè mọ̀? Iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù ń rán, gíga àti kúkúrú lásán ni. Tí òun àtàwọn iná yìí ò bá dúró sójú kan náà, wọn ò ní mọ èyí tó ga mọ èyí tó kúrú. Wáyà tẹ́ ẹ wé yìí ló ń mú kí wọ́n dúró sójú kan náà. Ọwọ́ yín ló ń bá a ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí."

Ó tú téèpù, ó so wáyà náà mọ́ àyè rẹ̀. Ọgọ́ta iná tàn, wọ́n sì dúró gbọin, kò sí èyí tó mira. Fàsásì pàtẹ́wọ́. Ògúntúndé ò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó ń ronú nípa gbogbo ilé tó ti wáyà láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé ti ilé yàtọ̀ sí èyí, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ẹ máa rò pé wàhálà parí síbẹ̀. Ní Fúráìdé, ó kọ ọ́ fún Nimat sórí bébà: pupa ni géètì, àwọ̀ ewé ni táńkì, àwọ̀ aró ni ìrun. Nimat kà á, ó mi orí pé ó ti yé òun. Ògúntúndé jáde lọ sẹ́nu géètì, ó tẹ bẹ́ẹ̀lì, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ ra yìnyín. Ó dúró títí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ súwíìṣì pọ́ńpù, pọ́ńpù tí kò tilẹ̀ tàn.

"Ẹ ní tó bá ti yọ àwọ̀ ewé kí n pa á," ni Nimat wí. "Ó yọ àwọ̀ ewé."

Ògúntúndé sáré wọ pálọ̀. Orí fóònù rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pupa. Ara ògiri, àwọ̀ ewé ni. Ó fi fóònù náà wé ògiri, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó dán táńkì wò: fóònù ní àwọ̀ ewé, ògiri pọ́n. Àwọ̀ aró nìkan ni kò ṣe ségesège. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó pe Desmond níbi iṣẹ́, Desmond sì ní kó má bínú, òun lòun gbàgbé: oríṣi iná yìí kì í ka pupa ṣáájú bíi ti àwọn yòókù, àwọ̀ ewé ló ń kọ́kọ́ kà, ibì kan sì wà lórí fóònù tí wọ́n ti ń yí i. Ògúntúndé wá ibẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tó rí i, ó tẹ̀ ẹ́, ògiri pọ́n bó ṣe yẹ, kò sì mọ ohun tó ṣe gan-an tó fi pọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, Ràhmát fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti kúrò ní Ìsẹ́yìn. Báàgì Nimat ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fa síìpù rẹ̀ pa. Ògúntúndé ò fi ìyẹn ṣe, ó fọwọ́ júwe fún un pé kó jókòó. Ó lọ tẹ bẹ́ẹ̀lì, ògiri pọ́n, Nimat sì wá sí géètì. Ó gun táńkì, ó fọwọ́ gbé nǹkan tó ń léfòó nínú rẹ̀ sókè, ògiri yọ àwọ̀ ewé, Nimat sì jáde wá sídìí súwíìṣì. Ìrun nìkan ló kù, ó fi fóònù dán ìyẹn náà wò, ó sì yọ àwọ̀ aró. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ láì ṣì í. Ó wá wọlé, ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀, òógùn bò ó, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ tó gbé ìwé ìdánwò wálé.

"Ó dáa," ni Nimat wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa gan-an ni." Ó wo ògiri. "Pupa, ti oníbàárà. Àwọ̀ ewé, ti táńkì. Àwọ̀ aró, ti Ọlọ́run. Èwo ni tiyín?"

Ìbéèrè náà ò yé Ògúntúndé. Ó fọwọ́ sí àyà ara rẹ̀: èmi?

"Ẹ̀yin náà. Láti ìgbà tí etí mi ti lọ, ẹ ò pè mí rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ̀ẹ́ rìn wá, ẹ̀ẹ́ gbá mi léjìká, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn sí mọ́tò. Mo mọ̀ pé mi ò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe Nimat mọ́ nínú ilé yìí."

Ọkùnrin náà jókòó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, ó ti wá àwọ̀ fún oníbàárà, ó ti wá ti omi, ó ti wá ti àsìkò ìrun. Kò sọ sí i lọ́kàn rárá pé òun náà jẹ́ ẹni tó máa ń pe èèyàn. Ojú tì í. Ó mú fóònù, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń mú àwọ̀. Àwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú igbá, kò sì mọ èyí tó yẹ òun. Ó na ìka sí ibì kan, ó kó o padà. Ó na án síbòmíràn. Nígbà tó sú Nimat, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka tirẹ̀ sórí àwọ̀ àlùkò, ó dá a padà fún un.

Ògúntúndé gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó dúró lẹ́bàá táńkì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Láì mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti la ẹnu, ó ti ké e sókè bó ṣe máa ń ké e tẹ́lẹ̀: "Nimat!"

"Sà!" Ohùn náà ta jáde láti inú ilé.

Nimat yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so gèlè rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó dúró, ó wojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ pè mí. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Ògúntúndé ronú. Kò sí nǹkan kan. Kò rò ó dé ibẹ̀ yẹn. Ó mi orí, omi ti gba ojú rẹ̀.

"Tí kò bá sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rán mi," ni Nimat wí, "ẹ jẹ́ n lọ tú ẹrù mi."